Ta Ni Ọ̀daràn? Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Wọn yóò ní, "Kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe lórí fóònù?" Èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé ó kàn mí gan-an, ó sì kan olúkúlùkù ẹni tí ó bá ń dúró níwájú ọmọ, tí ó sì ń ṣe ìdájọ́ láàárín wọn.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì kejì ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, níbi tí ó ti dojú kọ fóònù bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Mo ní, "Kí ni o ti ń ṣe láti àárọ̀?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo ń wá ẹni tí ó pa èèyàn ni." Àyà mi já. Àṣé eré ni! Mo jókòó tì í láti bá a wí. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, èmi gan-an ni mo ń na ìka sí ojú fóònù pé, "Ọkùnrin yìí ni! Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ojú ọ̀daràn!" Ọmọ náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, wọn kì í fi ojú mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn gún mi lọ́kàn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí n tó dákẹ́.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ti mọ̀, Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ẹni tí ó la ọ̀nà náà, nígbà tí ó tẹ ìtàn kan jáde ní 1841 nípa ìpànìyàn ní ìlú Paris. Ní 1887 ni Arthur Conan Doyle gbé Sherlock Holmes jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Lápàdé tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí ni ó sì fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ní 1976 ni Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé jáde. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá, àlọ́ àpamọ̀ ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá bí a ti í ti inú àmì díẹ̀ mọ ohun tí ó fara pamọ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé nínú ìwé, Lápàdé ni ó ń ṣe ìwádìí, àwa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nínú eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ń ṣeré náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀.

Criminal Case ni orúkọ eré tí ọmọ mi ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Pretty Simple, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé e jáde lórí Facebook ní 2012. Ìlú àfinúdá kan tí wọ́n sọ ní Grimsborough ni ọ̀ràn àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tí ń ṣeré ni ọlọ́pàá tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọn yóò fi àwòrán ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ hàn ọ́, ẹrù yóò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọn yóò sì kọ orúkọ àwọn ohun tí o ní láti wá rí. Bí o bá ti tètè rí wọn tó ni máàkì rẹ yóò ti pọ̀ tó. Máàkì ní í di ìràwọ̀; ìràwọ̀ ni o sì fi ń ra àǹfààní láti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn afurasí lẹ́nu wò, tàbí láti yẹ ẹ̀rí wò, tàbí láti fi nǹkan ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Àwọn afurasí sábà máa ń jẹ́ márùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni àmì apànìyàn ń yọ: ó lè jẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí àwọ̀ irun rẹ̀, tàbí oúnjẹ tí ó ń jẹ, tàbí pé ó ń mu sìgá. Ní ìgbẹ̀yìn, wọn yóò ní kí o tọ́ka sí ẹnìkan.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè yanjú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀? Ọgbọ́n márùn-ún ni mo kọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi àti nínú eré náà fúnra rẹ̀.

Èkíní ni pé kí o fi ojú yí gbogbo àwòrán náà ká kí o tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa gún ìka káàkiri bí adìẹ tí ń ṣa àgbàdo. Ẹni tí ó gbọ́n mọ̀ pé wọn yóò tún mú òun padà sí ibi kan náà ní ìgbà púpọ̀. Nítorí náà, ó ń kọ́ ibẹ̀ bí ẹní ń kọ́ àdúgbò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Èkejì ni pé kí o ya ọ̀rọ̀ oríṣi méjì sọ́tọ̀: ohun tí a mọ̀ nípa apànìyàn, àti ohun tí a ń sọ nípa ènìyàn. Nínú eré yìí, kò sí afurasí tí kò ní ohun kan nínú sí òkú. Ọ̀kan jẹ ẹ́ ní gbèsè, èkejì ń jowú rẹ̀, ẹ̀kẹta bá a jà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Àwọn tí wọ́n ṣe eré náà mọ̀ọ́mọ̀ kó ìyẹn jọ láti fi tàn wá jẹ ni. Ìdí tí ènìyàn lè fi fẹ́ ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹ̀rí pé ó ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni pé kí o fa ìlà sórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kékeré kan tí mo hun fúnra mi ṣe àlàyé. Ká ní agogo ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan di àwátì nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Wọ́n rí i níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọn kò já ìlẹ̀kùn. Ipasẹ̀ kékeré kan wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn mẹ́rin ni a fura sí: Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti ń pariwo Kẹ́hìndé, nítorí pé ó bá ọ̀gá àgbà ṣe gbólóhùn asọ̀ ní Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ẹ fa ìlà. Ẹ kọ orúkọ mẹ́rin sí apá òsì. Ẹ kọ àmì mẹ́ta sí òkè: ó ní kọ́kọ́rọ́. Ó wà nínú ọgbà lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Táyé ní kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó ti wọkọ̀ lọ sí Iléṣà láti Ọjọ́bọ̀, kò sì tíì dé. Kẹ́hìndé wà nínú ọgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìdòwú ní kọ́kọ́rọ́, ó sì wà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ipasẹ̀ náà lọ fíìfíì. Àlàbá nìkan ni àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sí lára.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò béèrè pé, "Ta ni ó jọ olè?" Ohun tí a béèrè ni pé, "Ta ni kò lè jẹ́ òun?" Ìbéèrè kejì yìí ni òpó tí ó gbé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ró. Ogún ẹ̀rí tí ó bá ẹnìkan mu lè má fi hàn pé òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó dájú, tí kò sì bá a mu, tó láti yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí o máa padà sẹ́yìn. Nínú eré náà, ìwé tí wọ́n kọ nípa afurasí kì í dúró sí ojú kan. Bí o bá tún fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ohun tuntun lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì pa á dé, yóò fi ẹ̀rí àná dá ẹjọ́ òní.

Ẹ̀karùn-ún ni sùúrù. Àyẹ̀wò òkú lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Agbára tí wọ́n fi ń wọ ibi ìwádìí náà a máa tán. O ní láti dúró kí ó tún kún tàbí kí o fi owó rà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó yín rà á, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi owó yín rà á láìsọ fún yín! Àkókò ìdúró yẹn gan-an ni ó yẹ kí á fi fa ìlà tí mo wí. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ṣùgbọ́n eré yìí ní àléébù kan tí ó tóbi. Bí o bá tọ́ka sí aláìṣẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, wọn yóò sọ fún ọ pé kì í ṣe òun, o ó sì tún padà wá yan ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí kò ronú rárá lè máa tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan ẹni tí ó ṣe é. Ẹ̀sùn kò wọ́n. Ibi tí ẹ̀sùn kò bá sì ti wọ́n, ìrònú kì í pọ̀ níbẹ̀.

Eré mìíràn wà tí ó wá oògùn sí àrùn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kì í ṣe ti Facebook. Return of the Obra Dinn ni wọ́n ń pè é. Lucas Pope ni ó ṣe é, ó sì jáde ní 2018. Ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan ni. Ọkọ̀ náà kúrò ní London ní 1802, ó di ohun tí a kò gbúròó mọ́, ó sì dédé yọ ní èbúté Falmouth ní 1807 láìsí alààyè kan nínú rẹ̀. Ọgọ́ta ènìyàn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn í ṣe àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé, "Ọ̀kan yìí tọ̀nà." Àfi ìgbà tí o bá kọ ti ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tọ̀nà, ni ìwé náà yóò tó gbà wọ́n wọlé. Ẹ wo ọgbọ́n náà! Ènìyàn lè fi orí ire mú ẹyọ kan. Kò rọrùn láti fi orí ire mú mẹ́ta pọ̀.

Ohun tí ó tún mú mi fẹ́ràn eré yìí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè ni pé etí ṣe pàtàkì níbẹ̀ bí ojú. A máa ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn ní kété kí ikú tó dé. Ìwé ọkọ̀ sọ ilẹ̀ tí olúkúlùkù ti wá. Bí o bá gbọ́ tí ẹnìkan sọ èdè ilẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ó sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí ó ti ibòmíràn wá, o ti rí ọ̀nà láti fi mọ̀ ọ́n. Èdè di ẹ̀rí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan wa, àwa tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wa. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kékeré náà, "ó". Bí ẹlẹ́rìí bá sọ pé, "Mo rí i tí ó wọlé," kò tíì sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bá wá lo arọ́pò-orúkọ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ọkùnrin, ó ti fi ẹ̀rí tí kò ti ẹnu ẹlẹ́rìí jáde kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá òun pàápàá kò sì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo "wọ́n". "Wọ́n wọlé ní aago mẹ́rin." Ṣé ènìyàn púpọ̀ ni, àbí àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ẹlẹ́rìí ń bọ̀wọ̀ fún? Olè mẹ́ta ni à ń wá ni, àbí bàbá kan? Bí a kò bá béèrè, a kò lè mọ̀.

"Wọ́n ní" ni ó tún wá burú jù. "Wọ́n ní òun ni." Ta ni wọ́n? Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é wá sí ilé-ẹjọ́. Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí ó gún régé fún ẹ̀rí. "Mo rí i" yàtọ̀ sí "mo gbọ́". "Mo gbọ́" yàtọ̀ sí "mo rò". "Mo rò" sì yàtọ̀ sí "mo fura". Kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti mọ ìyàtọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹ̀kọ́ gírámà ni, ẹ̀kọ́ ìwà sì ni pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe tí ó dùn ún gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìbéèrè yẹn, ohun tí ó yẹ kí ó dáhùn ni pé, "Èmi ni n kò mọ̀." Nǹkan méjì tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe kejì yìí ni kí á kọ sí ara ògiri.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti yin ọgbọ́n eré. Ó yẹ kí n sọ ohun tí eré kò lè kọ́ wa. Ìlérí méjì ni eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe fún wa kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Ìlérí kìíní ni pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìlérí kejì ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ wà nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé. Nítorí ìlérí méjì yìí ni fífa ìlà wa fi ń bọ́ sí i: bí a bá yọ mẹ́rin kúrò nínú márùn-ún, dandan ni kí ó jẹ́ ẹ̀karùn-ún. Ilé ayé kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ agogo wa. Bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Bí ọ̀gá àgbà bá ti gbé agogo náà lọ fún alágbẹ̀dẹ láti tún etí rẹ̀ ṣe, tí ó sì gbàgbé ńkọ́? Àlàbá tí a ti mú ńkọ́?

N kò sọ èyí láti inú ìwé. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè àkọ́kọ́, mo sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan tí n kò ní dárúkọ. Mo gba owó ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ₦3,400. Lẹ́yìn àkókò ìsinmi ọ̀sán, mo wá owó náà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, n kò rí i. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tú gbogbo báàgì, n kò rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bá bírò ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Òun kan náà ni ó sì dá jókòó sí kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó tó mi. Mo ní, "Ìwọ ni." Ó ní, "Àǹtí, èmi kọ́ o." Nígbà tí ó sunkún, mo ní ẹ̀rí ọkàn ni ó ń dà á láàmú. Nígbà tí ó dákẹ́, mo ní olè ní í dákẹ́. Ẹ kíyè sí i: kò sí ohun tí ọmọ náà lè ṣe lọ́jọ́ náà tí n kò ní kà sí ẹ̀bi. Mo nà án. Mo mú un kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ dá rẹ́jísítà kíláàsì mi padà láti ọ́fíìsì, níbi tí mo ti fi ránṣẹ́ fún ìbuwọ́lù. Owó náà wà láàárín ewé rẹ̀, níbi tí èmi fúnra mi fi í sí. Kò sí olè kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bá mi jà. Ó ní, "Tíṣà, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ sọ ọmọ mi, ṣé ẹ lè bá wa gbà á padà lẹ́nu àwọn ọmọ?" N kò lè gbà á padà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Nígbà tí sáà náà parí, wọ́n mú ọmọ náà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nítorí náà ni ó fi gún mi lọ́kàn nígbà tí ọmọ tí mo bí sọ fún mi pé wọn kì í fi ojú mọ ọ̀daràn.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán ni, kí ó rántí Aluu. Ní ọdún 2012 kan náà tí eré tí mo sọ jáde, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, àwọn èrò kan ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, lu akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé ẹnìkan pariwo olè lé wọn lórí. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà. Ẹjọ́ kò jí òkú. Àwọn èrò náà kò fa ìlà, wọn kò dúró de àyẹ̀wò, wọn kò sì bi ara wọn pé, "Ta ni ó rí i?" "Wọ́n ní" ti tó wọn.

Kí ni kí àwa olùkọ́ wá ṣe? Mo dá ìmọ̀ràn mẹ́rin. Lákọ̀ọ́kọ́, bí nǹkan bá sọnù ní kíláàsì, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ má ṣe jẹ́ "Ta ni ó mú un?" Kí ó jẹ́ "Ǹjẹ́ ẹnìkan mú un?" Ẹ wá a tinútinú, títí kan inú àpò tiyín. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má ṣe ti ojú ìwé pa kíákíá. Ẹ béèrè ẹni tí ó tún lè dé ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ní èdè tí ó gbọ́ jù, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Ibi tí "ó" tàbí "wọ́n" kò bá ti hàn kedere, ẹ béèrè. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ẹ tó na ìka sí ọmọ, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ó lè dá a láre sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé kò sí ohun kan láyé tí ó lè dá a láre lójú yín, a jẹ́ pé ẹ kò ní ẹjọ́. Ìkórìíra ni ẹ ní.

Ní ti eré náà, n kò ní kí ẹ lé e kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mú un wọ kíláàsì. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ fún wọn ní ọ̀ràn bí ti agogo wa, kí wọ́n fa ìlà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ yí òfin rẹ̀ padà: ẹ má fún wọn ní máàkì nítorí pé wọ́n dárúkọ ọ̀daràn nìkan. Ẹ fún wọn ní máàkì fún olúkúlùkù aláìṣẹ̀ tí wọ́n bá fi ẹ̀rí yọ kúrò; ẹ sì gba máàkì méjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó bá fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Kí ẹ̀sùn wọ́n. Kí ọmọ kọ́ ọ láti kékeré pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an ni láti gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kù lẹ́yìn náà, ẹ̀rí ni yóò mú un, kì í ṣe ariwo.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọ tí wọ́n purọ́ mọ́ ni ó ń gbé ogún ọdún náà.